Òfin Tí Iná Kò Mọ̀

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1958, iná sọ nínú àgbá ìdọ̀tí kan lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ Our Lady of the Angels, ní Chicago. Èéfín gba àtẹ̀gùn onípákó lọ sókè. Àwọn ọmọ ń fò láti ojú fèrèsé. Akẹ́kọ̀ọ́ 92 àti Sístà Kátólíìkì mẹ́ta ló bá a lọ.

Bẹ́ẹ̀ àwọn olùbẹ̀wò ti yẹ ilé náà wò ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, wọ́n ní kò séwu! Wọn ò rú òfin: ilé tuntun nìkan ni òfin ìkọ́lé ọdún 1949 dè. Àfi bíi pé iná máa ń béèrè ọjọ́ orí ilé. Kò sí ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi láti àjà, agogo ìdágìrì ilé ẹ̀kọ́ náà kò sì dé ọ̀dọ̀ panápaná.

Lẹ́yìn náà ni òfin tó nawọ́ mú àwọn ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ pẹ̀lú.