Dẹ́rẹ́bà Jókòó, Kọ́ńdọ́kítọ̀ Ń Gun Àtẹ̀gùn: Ìtàn Ìlera Lẹ́nu Iṣẹ́

Láti ayé Hippocrates ni àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù ti ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi aláìsàn: níbo ló ń dùn ọ́, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí lo jẹ? Ní ọdún 1700, Bernardino Ramazzini, dókítà ará Ítálì tí wọ́n bí ní ìlú Carpi lọ́dún 1633, fi ọ̀kan kún un: iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Ìwé tó kọ ìbéèrè náà sí, De Morbis Artificum Diatriba, sọ̀rọ̀ nípa àìsàn tó ń bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fínra, iṣẹ́ tó lé ní 40 ló sì yẹ̀ wò níbẹ̀. Agbépòó kan ló ṣí i lójú. Ọkùnrin náà ń kó ṣáláńgá ilé Ramazzini ní ìlú Modena, ó ń sáré ṣe é bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí dókítà bi í pé kí ló dé tí kò rọra ṣe é, ó ní ẹni tó bá pẹ́ nínú ihò yẹn ju wákàtí mẹ́rin lọ, ojú rẹ̀ á fọ́. Ramazzini wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ó ti pọ́n, ó sì ti ń ṣe bàìbàì.

Ohun kan tún wà nínú ìwé yẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fò dá. Ramazzini kò fi mọ sí àwọn tó ń gbé pòó tàbí tó ń wa kùsà. Ó tún kọ̀wé nípa aránṣọ àti aránbàtà, àwọn tó ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, ó sì gbà wọ́n níyànjú pé, ó kéré tán, kí wọ́n máa fi ọjọ́ ìsinmi na ara wọn. Ó tó ọdún 250 kí nọ́ńbà tó lágbára tó wá gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀.

Láàárín ìgbà náà, ohun tó hàn sójú ni wọ́n ń gbógun tì. Lọ́dún 1775, Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, tọ́ka sí i pé èérí èéfín ló ń fa jẹjẹrẹ awọ ẹpọ̀n lára àwọn tó ti ń gun ihò èéfín láti kékeré. Òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 1833 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ má gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 9 mọ́, alábẹ̀wò mẹ́rin péré ni ìjọba sì yàn pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 1888, àwọn obìnrin tó ń ṣe ìṣáná ní ilé iṣẹ́ Bryant & May ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù da iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń gé lára owó iṣẹ́ wọn ló bí wọn nínú jù, àmọ́ ariwo náà jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun tó ń jẹ egungun àgbọ̀n wọn. Ní 1906, àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan fọwọ́ sí ìwé ní ìlú Berne pé àwọn kò ní lò ó fún ìṣáná mọ́. Májèlé, eruku, ẹ̀rọ tó ń gé ọwọ́: gbogbo èyí ṣeé fi ìka tọ́ka sí. Ìjókòó kò ṣeé tọ́ka sí.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lulẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le lánàá á di àyà mú lónìí, ó di òkú. Ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀. Jerry Morris, dókítà tí wọ́n bí ní Liverpool lọ́dún 1910 fún òbí Júù tó wá láti Póláńdì, tó sì dàgbà ní Glasgow, wà lára àwọn tí ìjọba gbé ìbéèrè náà fún. Ó kọ́kọ́ lọ tú àkọsílẹ̀ òkú tí wọ́n ti yẹ̀ wò ní London Hospital láti 1907 títí dé 1949. Ohun tó rí níbẹ̀ ta á lólobó: ọ̀rá tó ń lẹ̀ mọ́ iṣan ọkàn kò pọ̀ sí i láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n dídí tí iṣan náà ń dí pa ló pọ̀ sí i. Ó rò ó pé nǹkan kan ti yí padà nínú bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé ayé wọn, ó sì fura sí iṣẹ́.

Ibi tó yíjú sí ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù. Bọ́ọ̀sì alájà méjì ni, èèyàn méjì ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà jókòó síwájú, ìjókòó ló sì ń gba iye tó tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àsìkò iṣẹ́ rẹ̀. Kọ́ńdọ́kítọ̀ ń rìn láàárín èrò láti já tíkẹ́ẹ̀tì, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n kà á pé àtẹ̀gùn tó ń gùn lóòjọ́ tó ẹsẹ̀ 500 sí 750. Àwọn méjèèjì ń gbé irú àdúgbò kan náà, owó tí wọ́n ń gbà kò jìnnà síra, irú oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ. (Ẹni tó bá mọ danfo Èkó lè máa rẹ́rìn-ín. Kọ́ńdọ́kítọ̀ tiwa kì í gun àtẹ̀gùn, ẹnu ọ̀nà ló ń rọ̀ mọ́; ewu tirẹ̀ yàtọ̀.) London Transport, ilé iṣẹ́ tó ni bọ́ọ̀sì náà, ní àkọsílẹ̀ àìsàn gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, dókítà ilé iṣẹ́ náà, Raffle, sì bá Morris ṣe iṣẹ́ pọ̀. Nǹkan bí 31,000 ọkùnrin, láti ọmọ ọdún 35 dé 64, ni wọ́n tọ ipasẹ̀ wọn.

Èsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lọ́dún 1949, Morris kò sì gbà á gbọ́. Àrùn ọkàn kì í mú kọ́ńdọ́kítọ̀ tó bí ó ṣe ń mú dẹ́rẹ́bà. Bí ó bá mú un, ó máa ń pẹ́ kó tó dé, kì í sì í tètè pa á. Kàkà kó sáré lọ bá oníròyìn, ó ní kí wọ́n tún wo òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, àwọn tó lé ní 100,000. Apínlẹ́tà ń fẹsẹ̀ rìn tàbí kó gun kẹ̀kẹ́. Akọ̀wé àti ẹni tó ń so tẹlifóònù jókòó sórí àga. Bákan náà ló rí. Èyí pa ẹnu ẹni tó fẹ́ sọ pé wàhálà ọkọ̀ wíwà ló ń pa dẹ́rẹ́bà, nítorí akọ̀wé kì í wa ọkọ̀ níbi iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1953.

Ìbéèrè kan ṣì kù, òun ló sì le jù. Ta ló sọ pé ìjókòó ló sọ dẹ́rẹ́bà di bẹ́ẹ̀? Bóyá ẹni tó ti sanra tẹ́lẹ̀ ló ń yan iṣẹ́ ìjókòó, tí ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ sì ń yan àtẹ̀gùn. Ìwé tí Morris àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi dáhùn lọ́dún 1956 wà lára èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìtàn yìí, nítorí ọ̀dọ̀ aránṣọ ni wọ́n ti rí ẹ̀rí. London Transport ló ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, ó sì kọ ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò kálukú sílẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé ìwọ̀n náà, wọ́n bá a pé lóòótọ́ ni: láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ìbàdí dẹ́rẹ́bà ti tóbi ju ti kọ́ńdọ́kítọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi tínrín wé tínrín, tí wọ́n fi sísanra wé sísanra, ikú òjijì ṣì pọ̀ láàárín àwọn dẹ́rẹ́bà ju ti kọ́ńdọ́kítọ̀ lọ. Ara tí wọ́n gbé wọṣẹ́ kópa nínú rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ náà dá ṣe tirẹ̀.

Morris mọ̀ pé iṣẹ́ tó ń mú ara gbóná ń dín kù káàkiri, ó sì lọ wo ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Láàárín 1968 sí 1970, wọ́n sọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba 16,882, àwọn ọkùnrin tó ń jókòó ní ọ́fíìsì, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé pé kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ Ẹtì àti Sátidé sílẹ̀. Àrùn ọkàn tó kọlu àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá tó lágbára kò tó ìdajì ti àwọn yòókù ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní Amẹ́ríkà, Ralph Paffenbarger ń rí ohun kan náà lára àwọn alárùú tó ń já ẹrù ọkọ̀ òkun ní San Francisco. Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn lọ́dún 1996. Morris fúnra rẹ̀ ń ṣe eré ìdárayá títí ó fi di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ọmọ ọdún 99 ni nígbà tó kú ní 2009.

Òṣìṣẹ́ ìjọba náà ni wọ́n tún tú wò nínú ìwádìí Whitehall, tí Donald Reid àti Geoffrey Rose bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967 pẹ̀lú ọkùnrin bí 18,000. Àwọn tó wà nípò ìsàlẹ̀ pátápátá, bí ìránṣẹ́ àti adènà, ń kú ní ìlọ́po mẹ́ta iye tí àwọn ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ wọn nínú ọjọ́ orí ń kú. Sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru kò ṣàlàyé ju apá kan lọ. Michael Marmot tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní 1985 pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 10,308, tọkùnrin tobìnrin, ó sì hàn níbẹ̀ pé ẹni tí kò ní àṣẹ kankan lórí bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ ni àrùn ọkàn ń tètè dé bá. Gbogbo ọ̀rọ̀ pé másùnmáwo ọ̀gá ló pọ̀ jù bá fọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ìwádìí wọ̀nyí ń lọ ni ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ra nǹkan mìíràn fún òṣìṣẹ́ wọn. Níbẹ̀, ọ̀gá iṣẹ́ ló ń san owó adójútòfò ìlera, nítorí náà àìsàn òṣìṣẹ́ ń wọ àpò rẹ̀. Johnson & Johnson gbé ètò Live for Life kalẹ̀ ní 1979: ìdánwò ara, ẹ̀kọ́ lórí oúnjẹ, ìrànlọ́wọ́ láti fi sìgá sílẹ̀, ibi eré ìdárayá. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ó sì di òwò ńlá. Ẹ̀rí tí wọ́n ń gbé kiri ni pé àwọn tó wọ ètò náà le ju àwọn tí kò wọ̀ ọ́ lọ. Ìbéèrè ṣòkòtò yẹn gan-an ni, wọ́n sì ti gbàgbé rẹ̀.

Yunifásítì Illinois ló tún un bi. Láti 2016, wọ́n ṣẹ́ gègé láàárín òṣìṣẹ́ bí 5,000 pé ta ló máa ní àǹfààní ètò náà, ta ni kò ní ní. Ó hàn pé àwọn tó wọ̀ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́ ti le ju àwọn yòókù lọ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ètò náà fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí nǹkan kan padà. Ní 2019, Zirui Song àti Katherine Baicker tẹ èsì tiwọn jáde láti ilé ìtajà BJ's Wholesale Club, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ gègé láàárín ẹ̀ka 160 tó ní òṣìṣẹ́ bí 33,000. Lẹ́yìn oṣù 18, àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn ń ṣe eré ìdárayá sí i. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwọ̀n ara, owó ìtọ́jú àti iye ọjọ́ tí wọ́n pa jẹ lẹ́nu iṣẹ́ kò yàtọ̀. Lójú tèmi, kò yà mí lẹ́nu: wọn ò yí iṣẹ́ padà, ìwé ìmọ̀ràn ni wọ́n fi kún un.

Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù náà yí padà. Ní oṣù Kejìlá 2005 ni Routemaster, bọ́ọ̀sì tí kọ́ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀, parí iṣẹ́ ojoojúmọ́ lójú ọ̀nà 159. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń wa bọ́ọ̀sì níbẹ̀ lónìí, àwọn nìkan náà ló sì wà nínú ọkọ̀ wọn, lórí ìjókòó.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ilé Iṣẹ́ ti 1987 dojú kọ ibi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ àti ẹ̀rọ ṣe nǹkan jáde. Èyí tó sún mọ́ ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ni Òfin Owó Gbà-má-bínú fún Òṣìṣẹ́ ti 2010. Òfin náà ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò tí NSITF, àjọ ìjọba, ń bójú tó. Kì í ṣe egungun ṣíṣẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀: ó ka àìsàn tí iṣẹ́ fà sí, abala kẹjọ rẹ̀ sì dárúkọ másùnmáwo. Ní 2022, òfin NHIA, àjọ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera, sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ará ìlú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ni kò tíì ní in. Lábẹ́ òfin ti 2010 yẹn, òṣìṣẹ́ tó bá farapa, tàbí tó rí i pé iṣẹ́ ló kó àìsàn bá òun, ní ọjọ́ 14 láti fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí; ọ̀gá ní ọjọ́ méje láti kọ̀wé sí NSITF. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ fún ọjọ́, tí kò ní ọ̀gá tó ń san ìdá kan náà fún un, kò ní ẹni tó máa kọ ìwé yẹn.