Ẹlẹ́rìí Ló Ń Sọ̀tàn: Àtúnpàdé Àwọn Ọ̀rẹ́ Èwe láti Ìkòyí dé Sabon Gari

Nínú iṣẹ́ wọn ti 2011, Ayọ̀ Kẹ́hìndé àti Joy Mbipom ka Everything Good Will Come, ìtàn àròsọ tí Sefi Atta gbé jáde ní 2005, sí ìtàn obìnrin tó wá ara rẹ̀ títí tó fi rí i. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ló ń tọ ipa ọ̀nà yìí, n kò sì sọ pé wọ́n ṣìnà pátápátá. Ẹjọ́ tí mo ní sí wọn ni pé níbi tí wọ́n ti ń wo Ẹnitàn tó ń sọ ìtàn náà, Sheri, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ní Ìkòyí l'Ékòó, di àkàbà lásán tí Ẹnitàn fi gòkè. Àwọn méjèèjì ló ni ìwé náà.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ọ̀rẹ́ èwe ń gbà pínyà. Ìdàgbà ló ń fa ti àkọ́kọ́: ọ̀kan lọ kàwé, èkejì lọ kọ́ṣẹ́, ẹ̀kẹta relé ọkọ. Òwe tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi sọ ìwé rẹ̀ ní Ogún Ọmọdé (1990), ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, ti sọ èyí tán. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹnìkan ní ohunkóhun níbẹ̀, bí wọ́n bá tún pàdé, ẹ̀rín àti “ṣé o ṣì rántí?” ni. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan, ó ṣojú èkejì. Nínú ìwé Atta, àwọn ọmọkùnrin fipá bá Sheri lò pọ̀ níbi ìgbafẹ́ kan ní 1975, Ẹnitàn sì rí i. Sheri lóyún, ó fi háńgà ṣẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, kò sì lè bímọ mọ́. Wọ́n fi Ẹnitàn ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba. 1985 ni ìpín tó tẹ̀ lé e ń jẹ́. Lójú tèmi, ọdún mẹ́wàá tó wà láàárín àkọlé méjèèjì yẹn ló gbé ìwé náà ró, àwọn tó ń ṣàlàyé ìwé náà sì sáré kọjá níbẹ̀.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé ọmọdé ni Ẹnitàn, kí ló fẹ́ ṣe? Òótọ́ ni, kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ọ̀tọ̀, gbèsè ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò jẹ̀bi lè jẹ gbèsè ohun tó rí tí kò sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé Ẹnitàn, agbẹjọ́rò, ló nílò Sheri ju bí Sheri, àlè ọ̀gá sójà, ṣe nílò rẹ̀ lọ. Sheri ló kọ́kọ́ dá ara rẹ̀ sílẹ̀: ó fi ìkòkò ọbẹ̀ ilá lu Brigadier Hassan, ọ̀gá sójà náà, ó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dá òwò oúnjẹ sílẹ̀. Nígbà tí Ẹnitàn wá fi ilé ọkọ sílẹ̀ ní 1995 nítorí àwọn tí ìjọba tì mọ́lé, bàbá tirẹ̀ náà láàárín wọn, ẹlẹ́rìí tó ti dákẹ́ fún ogún ọdún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu. Ohun tí Kẹ́hìndé àti Mbipom pè ní ìwárí ara ẹni, gbèsè sísan ni.

Sabon Gari ní Kano ni mo ti fẹ́ dán ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìpínyà méjèèjì yìí wò. Ahmed Bako àti Rasheed Ọláníyì ti kọ ìtàn àdúgbò náà, n kò ní tún un kọ. Yoruba Road àti Ibo Road wà ní àdúgbò kan náà. Àwọn ọmọ òpópónà méjèèjì jọ ṣeré. Rògbòdìyàn 1953 kọjá, ti 1966 dé. Wọ́n pa àwọn Ígbò, àwọn tó kù sá lọ. Ọ̀pọ̀ Yorùbá kò kúrò. Àwọn onítàn ti bá wa wádìí ilé àti iṣẹ́ tí àwọn tó sá fi sílẹ̀. Ta ló bá wa wádìí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ojú fèrèsé? Half of a Yellow Sun (2006), ìtàn àròsọ Adichie, mú wa dé Sabon Gari, ó fi Abdulmalik, ọ̀rẹ́ Uncle Mbaezi tó jẹ́ Ígbò, hàn wá láàárín àwọn apànìyàn. Ìtàn ẹni tí ọ̀ràn dé bá nìyẹn, iṣẹ́ ńlá sì ni, àmọ́ ìtàn ọmọ Yorùbá tó kù sílẹ̀ kọ́ ni Adichie ń sọ.

Mo tún fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1966, ìtàn àròsọ àtúnpàdé ti irú àkọ́kọ́ kò ṣeé kọ mọ́ nípa Sabon Gari. Rògbòdìyàn October 1991, lórí ìwàásù tí Reinhard Bonnke fẹ́ wá ṣe, sì tún fi èdìdì dì í fún ìran mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ irú kejì ní èdè Yorùbá, kó má fi ìtàn náà sí ẹnu ẹni tó sá lọ. Atta kò fi í sí ẹnu Sheri. Láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, Ẹnitàn ló ń sọ̀tàn, bí a bá sì pe ìwé náà ní ìtàn ìwárí ara ẹni lásán, a ò lè ṣàlàyé ìdí tí obìnrin tó kọ́kọ́ rí ara rẹ̀ kò fi sọ tirẹ̀.