Láti Kíkà dé Wíwọ̀n: Èdè Owó Wúrà àti Owó Fàdákà

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé mọ̀ pé ẹ̀kọ́ owó ni akẹ́kọ̀ọ́ kì í fi ṣeré. Àwọn oníṣòwò kan wà tí wọ́n ń fi èrè wọn ra ẹyọ owó wúrà tàbí ti fàdákà pa mọ́. Ẹni tí ó ń rà á fún ìgbà àkọ́kọ́ a máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu olùtà; ohun tí kì í sábà ní ni ọ̀rọ̀ tí yóò fi béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi hàn pé ìtàn ni ó fa àìní náà.

1. Owó tí a ń kà

Owó ẹyọ ni àwọn baba wa ná ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́. Erékùṣù Maldives ni ti ìṣáájú ti wá. Láti nǹkan bí 1845 ni àwọn oníṣòwò Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ Zanzibar, tí ó tóbi jù ú lọ, wá sí etíkun wa. Adolphus Mann ṣe àpèjúwe kíkà owó yìí nínú ìwé tí a tẹ̀ ní 1887: márùn-ún márùn-ún ni a ń fà á sọ́tọ̀. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. 20,000 ni àpò kan, èyí tí í ṣe ọ̀kẹ́. Orúkọ àpò náà ti di orúkọ òǹkà títí di òní. Èdè owó wa, nígbà náà, èdè kíkà ni. Ó lọ́rọ̀ nínú iye, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ fún wíwọ̀n àti dídán wò.

2. Orúkọ dúró, irin yí padà

Nígbà tí owó fàdákà dé, a kà á bí a ti ń ka ẹyọ. Ṣùgbọ́n owó yìí ní ìwọ̀n nínú. Òfin ilẹ̀ Faransé ti 1803 sọ pé fàrán kan jẹ́ fàdákà gíráàmù 5, tí ìdá 9 nínú 10 rẹ̀ jẹ́ ògidì; ẹyọ fàrán márùn-ún sì wúwo tó gíráàmù 25. Lónìí, kò sí fàdákà nínú ẹyọ fàrán sẹ́fà tí a ń ná lọ́jà. Ní oṣù kìíní 1994, a dín iye sẹ́fà sí ìlàjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fàrán Faransé, orúkọ rẹ̀ kò sì yẹ̀.

Ṣílè náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣílè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a kọ́kọ́ rọ ní 1913 ní fàdákà 925 nínú 1000. Láti 1920 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́. Nígbà tí Nàìjíríà gba náírà ní 1973, àwọn ènìyàn ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè. Ẹni tí ó pa ṣílè 1913 mọ́ àti ẹni tí ó pa ti idẹ mọ́ ní orúkọ kan náà lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọn kò ní ohun kan náà lọ́wọ́.

3. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Ìwúwo: gbogbo ohun tí òṣùwọ̀n bá fi hàn. Sovereign ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wúwo tó gíráàmù 7.99, ẹyọ wúrà 20 fàrán ti Faransé tó 6.45.

Àdàlú: wúrà rọ̀, nítorí náà ni a fi ń da bàbà lú u. Lẹ́nu ọjà, ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn ni àdàlú. Nínú ọ̀ràn owó, kì í ṣe ẹ̀tàn bí a bá ti sọ ìdá rẹ̀.

Ìdá ògidì: ní ẹnu wa, nǹkan jẹ́ ògidì tàbí kò jẹ́ ẹ. Ẹni tí ń ra owó ní láti béèrè pé mélòó nínú 1000, tàbí káráàtì mélòó nínú 24. Sovereign jẹ́ káráàtì 22. Ẹyọ 20 fàrán jẹ́ 900 nínú 1000.

Ìwọ̀n ògidì: ìwúwo tí a fi ìdá ògidì ṣírò. Sovereign ní wúrà ògidì gíráàmù 7.32, 20 fàrán ní 5.81. Òun ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n owó tí a ó san.

Iye ojú owó: iye tí a kọ sí i. A kò lè fi ẹyọ 20 fàrán náà ná fàrán ogún mọ́. Wúrà inú rẹ̀ ni ó níye. Krugerrand tí Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ní 1967 kò ní iye ojú owó rárá. Ìwọ̀n ògidì ni a kọ sí i.

Ọdún ojú owó: kì í ṣe ọdún tí a rọ ọ́ nígbà gbogbo. Owó fàdákà Maria Theresa, ọbabìnrin Austria tí ó kú ní 1780, ṣì ń gbé ọdún 1780 lójú, bí a tilẹ̀ rọ púpọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àlékún: ohun tí olùtà fi lé iye irin gan-an.

4. Ìparí

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀: ìwọ̀n, ìdá àti ògidì wà lẹ́nu gbogbo wa. Ohun tí ó kù ni kí a so wọ́n pọ̀, kí á sì gbé òṣùwọ̀n kékeré wọ iyàrá ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìwé òǹkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè béèrè pé, «Mélòó ni ìwọ̀n ògidì rẹ̀?» kí ó tó béèrè pé, «Èló ni?» ti kọjá ibi tí orúkọ owó lásán ti lè tàn án jẹ.