Ọrùn Ọwọ́ Àti Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọmọ Ogun Amẹ́ríkà Tí Ọwọ́ Wọn Farapa

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ogun, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn wa ni òkú tí ó sùn àti ìlú tí a kó. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ní àṣálẹ́ òní kò ní ariwo tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ jù ú lọ. Èyíinì ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ó ti ogun bọ̀ láàyè, tí ó ń jẹ tí ó sì ń rìn bí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n tí kò lè di bọ́tìnì ẹ̀wù ara rẹ̀. Bí ó bá tọ ìjọba lọ láti bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, ta ni yóò wọn ìrora tí ó wà nínú ọrùn ọwọ́ rẹ̀, òṣùwọ̀n wo ni yóò sì fi wọ̀n ọ́n? Bí ìdájọ́ náà kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, níbo ni yóò gbé e lọ?

Amẹ́ríkà ni a ó ti mú àpẹẹrẹ wa, nítorí pé wọ́n ti kọ òfin wọn lórí ọ̀ràn yìí sílẹ̀ fínnífínní. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò sí wa pátápátá. Láàrin ọdún 2009 sí 2016, ìjọba Amẹ́ríkà gba àwọn àjèjì kan sí iṣẹ́ ológun nítorí èdè tí wọ́n gbọ́, èdè Yorùbá sì wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń wá.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1776, nígbà tí kò tíì pé oṣù méjì tí àwọn ará Amẹ́ríkà kéde òmìnira wọn, ni ìgbìmọ̀ wọn ṣe òfin pé ẹni tí ó bá pàdánù ẹ̀yà ara lójú ogun yóò máa gba ìdajì owó oṣù rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ogun abẹ́lé, tí ó jà láti ọdún 1861 sí 1865, ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ wá di ọ̀rọ̀ ńlá. Òfin ọdún 1862 fi 8 dọ́là lóṣù fún ọmọ ogun lásán tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá. Òfin ọdún 1864 fi 25 dọ́là fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti lọ. Ní ọdún 1866 a fi 15 dọ́là fún ẹni tí ó pàdánù ọwọ́ kan. Ẹ kíyèsí i pé iṣẹ́ agbára ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n: ọkọ́ ríro, igi gígé, ẹrù gbígbé. A kò bèèrè bóyá ọkùnrin náà lè kọ̀wé.

Nípa ìwé kíkọ ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí a kò lè fò kọjá. Ní ọdún 1865, William Oland Bourne, olóòtú ìwé ìròyìn àwọn ọmọ ogun kan ní New York, pe àwọn tí wọ́n ti pàdánù apá ọ̀tún wọn láti wá fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, ó sì gbé 1,000 dọ́là kalẹ̀ fún àwọn tí ìwé wọn bá dára jù. Lẹ́tà wọlé lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn kan kọ ìtàn ọjọ́ tí ìbọn bà wọ́n, àwọn mìíràn wulẹ̀ fẹ́ fi hàn pé àwọn ṣì lè jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì. Àwọn ìwé náà wà títí di òní ní Ilé Ìkàwé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Washington. Àwa tí olùkọ́ ti fi pàṣán nà nítorí pé a fi òsì mú kálàmù mọ̀ díẹ̀ nínú ohun tí ó ná wọn.

Ó yẹ kí a rántí àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó jagun náà pẹ̀lú, nǹkan bí 180,000. Púpọ̀ nínú wọn ti ṣe ẹrú. Wọn kò ní ìwé ìbí, ẹlòmíràn sì wọṣẹ́ ogun pẹ̀lú orúkọ olówó rẹ̀, tí ó wá yan orúkọ mìíràn fún ara rẹ̀ nígbà tí ó di òmìnira. Nígbà tí irú wọn wá bèèrè owó, akọ̀wé ìjọba ń wá orúkọ kan, orúkọ mìíràn ni ọkùnrin tí ó dúró níwájú rẹ̀ ń jẹ́.

Wàyí o, ẹjọ́ ńkọ́? Òfin ọdún 1864 kan náà ni ó sọ pé agbẹjọ́rò kò gbọdọ̀ gbà ju 10 dọ́là lọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń bèèrè owó yìí. Ète rẹ̀ dára: kí àwọn ajẹnirun má baà jẹ owó arọ. Ṣùgbọ́n a fi 10 dọ́là náà sílẹ̀ láìyí padà títí di ọdún 1988, nígbà tí 10 dọ́là kò tó owó wákàtí kan lọ́wọ́ agbẹjọ́rò kankan. Ní ọdún 1985 Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wò ó, ó sì ní kò lòdì sí òfin. Ní ọdún 1933 ni a dá Ìgbìmọ̀ Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti àwọn ọmọ ogun sílẹ̀. Ohun tí ìgbìmọ̀ náà bá sọ ni abẹ́ gé, nítorí òfin ti ìlẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ mọ́ ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn. Fún ọdún márùn-dín-lọ́gọ́ta, ilé iṣẹ́ tí ó fi owó du ọkùnrin náà ni ó tún ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àwa kò rí ọ̀rọ̀ rere sọ nípa èyí. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1988 ni Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí òfin tí ó dá ilé-ẹjọ́ sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo òṣùwọ̀n tí ilé-ẹjọ́ náà bá nílẹ̀. Ọrùn ọwọ́ tí ó yá gágá ń tẹ̀ sẹ́yìn dé ìwọ̀n 70 dígírì, ó sì ń tẹ̀ síwájú dé 80. Bí kò bá lè tẹ̀ sẹ́yìn tó 15, tàbí tí kò lè tẹ̀ síwájú rárá kọjá ibi tí ó bá apá ṣe déédé, ìdá 10 nínú 100 ni a kà á sí, kò sì sí èyí tí ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi bí oríkèé náà bá ti le gan-an tí kò mì mọ́. Nígbà náà ni ó lè di 30, 40 tàbí 50 fún ọwọ́ tí ẹni náà ń lò jù, tí ìkejì yóò sì fi 10 dín sí i. Àwa Yorùbá kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ṣùgbọ́n òfin yìí kò bèèrè ọ̀tún tàbí òsì. Ọwọ́ tí o fi ń ṣiṣẹ́ ni ó ń bèèrè. Bí ó bá sì jẹ́ pé méjèèjì lo ń lò bákan náà, èyí tí ó farapa ni a ó kà sí àgbà.

Ìrora ńkọ́? Ní ọdún 1995, nínú ẹjọ́ DeLuca, ilé-ẹjọ́ sọ pé dókítà kò gbọdọ̀ wọn dígírì nìkan. Ó gbọ́dọ̀ sọ bí ìrora àti àárẹ̀ ṣe ń dín agbára oríkèé kù, pàápàá ní ọjọ́ tí àìsàn náà bá ru sókè. Inú ọ̀pọ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1997, ẹjọ́ Johnston dé, ọ̀rọ̀ ọrùn ọwọ́ gan-an sì ni. Ìdá 10 ni ọkùnrin náà ń gbà, ó sì ní ìrora òun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-ẹjọ́ dáhùn pé ó ti dé òkè àtẹ̀gùn tí òfin gbé kalẹ̀ fún oríkèé tí ó ṣì ń mì, nítorí náà kò sí ohun tí ìrora lè fi kún un.

Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ fi ń yí ẹjọ́ wọn sí ọ̀nà mìíràn. Iṣan kan wà tí ó gba ọ̀nà tóóró kọjá nínú ọrùn ọwọ́ lọ sí àtàǹpàkò àti àwọn ìka tí ó tẹ̀ lé e. Bí a bá fún un mọ́lẹ̀, ìka yóò kú tipiri, igbá yóò máa bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Bí ìpalára iṣan yìí bá kéré, ìdá 10 ni. Bí ó bá mọ níwọ̀n, 30 fún ọwọ́ tí a ń lò jù. Bí ó bá le, 50. Bí iṣan náà bá kú pátápátá, 70. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti inú kálàmù dókítà ṣe lè yí oúnjẹ ilé kan padà: “ó kéré” tàbí “ó mọ níwọ̀n.” Òfin ní bí ẹ̀rí ìhà méjèèjì bá dọ́gba lórí òṣùwọ̀n, ti ọmọ ogun ni kí a gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé dókítà kò ní ohun tí yóò gbé sórí òṣùwọ̀n náà.

Láti oṣù kejì ọdún 2019, ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn: kí ó mú ẹ̀rí tuntun wá, kí ó ní kí ọ̀gá tún ìwé náà wò, tàbí kí ó kọjá sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Ọdún kan ni ó ní láti yan ọ̀kan. Lẹ́yìn ìdájọ́ ìgbìmọ̀, 120 ọjọ́ ni ó ní láti dé ilé-ẹjọ́. David Henderson, tí ó ṣe iṣẹ́ ológun nígbà ogun Kòríà, tí ọpọlọ rẹ̀ kò sì dá, fi ọjọ́ 15 pẹ́ jù, a sì lé e padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2011 Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pinnu pé 120 ọjọ́ náà kì í ṣe ìlẹ̀kùn irin tí ilé-ẹjọ́ kò lè ṣí fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà ti kú nígbà náà. Aya rẹ̀ ni ó dúró ní ipò rẹ̀.