Ilé-ẹ̀kọ́ Preuss

Ilé-ẹ̀kọ́ Preuss, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ The Preuss School UC San Diego, jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ charter ní ìlú San Diego, ìpínlẹ̀ Kalifọ́rníà, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Inú ọgbà Yunifásítì Kalifọ́rníà ti San Diego, ní àdúgbò La Jolla, ni ó wà. Láti kíláàsì kẹfà títí dé kíláàsì kejìlá ni ó ń kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999 fún àwọn ọmọ ìdílé tí kò rí já jẹ, tí òbí wọn kò sì gboyè ní yunifásítì. Síbẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ń jáde níbẹ̀ ni ó ń rí àyè wọ yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin.

Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ charter jẹ́

Ilé-ẹ̀kọ́ charter jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń fi owó ìjọba ṣe, tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í san owó ilé-ìwé níbẹ̀. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni ìwé àdéhùn tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Àdéhùn yìí fún un ní òmìnira láti yan olùkọ́ àti láti ṣètò àkókò àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ bí ó ti fẹ́; bí àbájáde rẹ̀ kò bá dára, a lè gba àṣẹ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Minnesota ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin nípa irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní ọdún 1991. Kalifọ́rníà tẹ̀ lé e ní ọdún 1992. Àjọ tí ó ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní San Diego ni ó fún Preuss ní àṣẹ tirẹ̀.

Ìtàn

Ní ọdún 1996, àwọn olùdìbò Kalifọ́rníà fọwọ́ sí òfin tí a mọ̀ sí Proposition 209. Òfin náà ka wíwo ẹ̀yà tàbí àwọ̀ ènìyàn léèwọ̀ nígbà tí yunifásítì ìjọba bá ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Nígbà tí ó mú àwọn tí ó fẹ́ wọlé ní ọdún 1998, iye àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ Látìn Amẹ́ríkà tí àwọn yunifásítì ńlá ìpínlẹ̀ náà gbà lọ sílẹ̀ gan-an.

Cecil Lytle, ẹni tí ó jẹ́ olórí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Thurgood Marshall nínú yunifásítì náà, tí ó sì tún jẹ́ atẹ dùùrù, wà lára àwọn tí ó wá ọ̀nà àbáyọ. Hugh Mehan, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, dúró tì í. Èrò wọn ni pé bí yunifásítì kò bá lè wo àwọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ó jáde lọ kọ́ àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Ní ọdún 1997, yunifásítì kọ àbá náà. Inú ọ̀pọ̀ ará ìlú kò dùn sí èyí, ìpinnu náà sì yí padà lẹ́yìn náà. Ìdílé Preuss, tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wà lára àwọn tí ó fi owó ṣe ìrànlọ́wọ́. Àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ ni a fi bẹ̀rẹ̀, a sì ń fi kíláàsì kún un lọ́dọọdún títí àwọn àkọ́jáde fi parí ẹ̀kọ́ ní ọdún 2004.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Ohun méjì ni a kọ́kọ́ ń wò kí a tó gba orúkọ ọmọ. Owó tí ń wọlé fún ìdílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré tó èyí tí ìjọba àpapọ̀ fi ń fún ọmọ ní oúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ẹ̀dínwó. Bákan náà, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tíì gboyè ní yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin. Nígbà tí àwọn tí ó tẹ́ ìwọ̀n yìí bá pọ̀ ju àyè lọ, kèké ni a ń ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò wọlé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lé ní 800. Ó ju ìdajì wọn lọ tí ìdílé wọn ṣẹ̀ wá láti Mẹ́síkò àti àwọn orílẹ̀-èdè Látìn Amẹ́ríkà mìíràn. Àwọn ọmọ Éṣíà àti àwọn aláwọ̀ dúdú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. La Jolla jẹ́ àdúgbò olówó, nítorí náà bọ́ọ̀sì ni ó ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti àwọn àdúgbò gúúsù àti àárín ìlú. Òfin kò gbà kí ilé-ẹ̀kọ́ náà béèrè àwọ̀ ọmọ kí ó tó gbà á, ṣùgbọ́n ipò òbí tí ó ń béèrè ti tó láti kó irú àwọn ọmọ tí yunifásítì ń pàdánù jọ.

Ètò ẹ̀kọ́

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń tọ̀: àwọn iṣẹ́ tí Yunifásítì Kalifọ́rníà kà sí dandan fún ẹni tí yóò wọlé, tí a ń pè ní A–G. Iṣẹ́ 15 ni wọ́n. A kò ya àwọn kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tí ó rọrùn. Dípò èyí, a fi ìrànlọ́wọ́ kún ìsapá àwọn ọmọ. Ọdún ẹ̀kọ́ wọn gùn tó ọjọ́ 198, nígbà tí ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba yòókù jẹ́ 180. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń wá ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú kíláàsì, olùkọ́ olùdámọ̀ràn kan náà sì ń bá ẹgbẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ láti ọdún dé ọdún.

Àbájáde

Ìwé ìròyìn Newsweek fi Preuss sí ipò kìíní nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń yí ìgbésí ayé ọmọ aláìní padà ní Amẹ́ríkà, fún ọdún mẹ́ta léra wọn, 2011 sí 2013.

Ìbéèrè kan wà tí irú ipò bẹ́ẹ̀ kò lè dáhùn. Òbí tí ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ti fi hàn pé òun ní ìfẹ́ sí ẹ̀kọ́. Ó lè jẹ́ ìfẹ́ yìí ni ó gbé ọmọ ga, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́. Kèké ni ó jẹ́ kí a lè dán èyí wò, nítorí pé àwọn tí kèké mú àti àwọn tí kò mú jọ ní irú òbí kan náà. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì náà fi àwọn méjèèjì wé ara wọn. Nínú ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2005, wọn kò rí ìyàtọ̀ tí ó hàn kedere nínú máàkì ìdánwò ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Preuss ṣe púpọ̀ sí i nínú àwọn iṣẹ́ A–G, wọ́n sì wọ yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin ju àwọn yòókù lọ. Èyí fi hàn pé máàkì ìdánwò nìkan kò tó láti fi díwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́: bí orí ọmọ ti wù kí ó pé tó, bí kò bá ṣe àwọn iṣẹ́ tí ó jẹ́ dandan, ọ̀nà yunifásítì náà ṣòro fún un.

Àríwísí

Ní ọdún 2007, àyẹ̀wò tí yunifásítì ṣe fi hàn pé àwọn máàkì kan tí a kọ sínú ìwé èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò bá èyí tí olùkọ́ fún wọn mu. Ọ̀rọ̀ náà dun ilé-ẹ̀kọ́ tí orúkọ rẹ̀ dúró lórí àbájáde.

Àríwísí kejì ni pé ọmọ tí òbí rẹ̀ kò fi orúkọ sílẹ̀ kò sí nínú kèké rárá. Ní ọdún 2005 ni yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ilé-ẹ̀kọ́ Gompers ṣiṣẹ́ pọ̀ ní gúúsù ìlà-oòrùn San Diego. Charter ni òun náà nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àdúgbò tí ó wà ni ó ń kọ́. Ibẹ̀ ni a ti dán an wò bóyá ọ̀nà Preuss lè ṣiṣẹ́ níbi tí kèké kò ti yan ẹnikẹ́ni.