Májèlé mẹ́kúrì lára àwọn ẹyẹ apẹja inú adágún

Májèlé mẹ́kúrì lára àwọn ẹyẹ apẹja jẹ́ ìkójọpọ̀ mẹ́kúrì nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹ́, ẹyin àti ẹran ara àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń jẹ ẹja inú adágún àti odò. Ọ̀kan pàtàkì lára àwọn ẹyẹ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí ni loon, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Gavia immer. Etí àwọn adágún Kánádà àti ti ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ó máa ń yé ẹyin sí.

Bí ó ṣe ń dé ara ẹyẹ

Èédú tí wọ́n ń jó ní àwọn ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná àti iṣẹ́ ìwakùsà wúrà máa ń tú mẹ́kúrì sínú afẹ́fẹ́, òjò a sì gbé e wá sínú adágún. Nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, níbi tí ọ́síjìn kò ti pọ̀, àwọn bakitéríà kan a sọ ọ́ di mẹ́tílì-mẹ́kúrì, èyí tí ó tètè ń wọ ara ohun abẹ̀mí ṣùgbọ́n tí kì í tètè jáde. Àwọn ohun abẹ̀mí wínníwínní a gbà á sára, ẹja kékeré a jẹ wọ́n, ẹja ńlá a jẹ ẹja kékeré, ẹyẹ a sì jẹ ẹja. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni ìwọ̀n rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ó sábà máa ń pọ̀ jù nínú ẹja adágún tí omi rẹ̀ ní ásíìdì.

Ìpalára rẹ̀

Mẹ́tílì-mẹ́kúrì máa ń ba ọpọlọ jẹ́. Loon tí ó ní in púpọ̀ lára kì í sàba lé ẹyin rẹ̀ tó bí ó ti yẹ. Ẹyẹ lè ti díẹ̀ lára májèlé náà jáde sínú ìyẹ́ tí ó ń hù, abo a sì ti díẹ̀ sínú ẹyin. Báyìí ni ti ara ìyá ń dínkù, tí ọmọ sì ń jogún rẹ̀ kí wọ́n tó pa á. Ìwádìí tí David Evers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 fi hàn pé àwọn loon tí mẹ́kúrì inú ẹ̀jẹ̀ wọn tó ìdá 3 nínú mílíọ̀nù máa ń tọ́ ọmọ tí ó fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn yòókù.

Odò Wabigoon

Láàárín ọdún 1962 sí 1970, ilé-iṣẹ́ oníkẹ́míkà kan ní ìlú Dryden, ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, da nǹkan bí tọ́ọ̀nù 9 mẹ́kúrì sínú odò Wabigoon. Nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1986, J. F. Barr rí i pé ẹyin loon dínkù níbi tí mẹ́kúrì inú ẹja ti tó ìdá 0.3 sí 0.4 nínú mílíọ̀nù. Àwọn ará Grassy Narrows, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Anishinaabe, náà fara gbá a, nítorí ẹja omi yìí kan náà ni oúnjẹ àti òwò wọn. Ní ọdún 1970, ìjọba fòfin de pípa ẹja náà fún títà.

Ìdènà

Àdéhùn Minamata, tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní Japan ní ọdún 2013, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2017 láti dín ìlò àti ìtújáde mẹ́kúrì kù. Àwọn onímọ̀ a máa yẹ ẹ̀jẹ̀, ìyẹ́ àti ẹyin loon tí kò pa wò láti mọ̀ bóyá mẹ́kúrì ń dínkù nínú adágún kan, nítorí ohun tí ó wà lára ẹyẹ náà ń fi ohun tí ó wà nínú ẹja ibẹ̀ hàn.