Ìpè Ìparí Ìwàásù: Ìbẹ̀rẹ̀ Rẹ̀ àti Ohun Tí Ó Ń Bèèrè

Ẹni tí ó bá ti lọ sí ìpàdé ìsọjí rí mọ bí ìwàásù ti í parí. Oníwàásù yóò rẹ ohùn sílẹ̀, àwọn akọrin yóò máa kọrin jẹ́jẹ́, a óò sì ní kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá bá wí jáde síwájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti ayé àwọn Àpọ́sítélì ni a ti ń ṣe é báyìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni Pétérù pe àwọn tí ó gbọ́ ọ ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì sí ìrònúpìwàdà àti ìrìbọmi. Ṣùgbọ́n àṣà jíjáde síwájú ní ìparí ìwàásù kò tíì pé 300 ọdún.

Amẹ́ríkà ni àṣà náà ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti ń pe ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ bá ń gún lọ́kàn wá síwájú ní àwọn ìpàdé ìta gbangba wọn, ṣùgbọ́n Charles Finney, tí ó ti kọ́kọ́ ń kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Láti oṣù kẹsàn-án 1830 títí di oṣù kẹta 1831 ni ó fi wàásù ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York. Ó ya ìjókòó iwájú sọ́tọ̀ fún àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀, kí a lè gbàdúrà fún wọn, kí a sì gbà wọ́n níyànjú. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìsọjí, tí ó jáde ní 1835, ó ṣàlàyé pé iṣẹ́ tí ìrìbọmi ṣe ní ayé àwọn Àpọ́sítélì ni ìjókòó yìí ń ṣe: ó ń mú kí ènìyàn fi ìpinnu rẹ̀ hàn ní gbangba.

Kì í ṣe gbogbo onígbàgbọ́ ni ó fara mọ́ ọn. Ní 1843, John Williamson Nevin, olùkọ́ àwọn àlùfáà ní Mercersburg, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, kọ ìwé láti ta ko àṣà náà. Ẹ̀rù ń bà á pé ènìyàn lè rin ìrìn ẹsẹ̀ kí ó sì pè é ní àtúnbí. Lójú tirẹ̀, ẹ̀kọ́ katikísímù tí a fi sùúrù kọ́ni ni ó ń so èso tí ó tọ́jọ́.

Ṣùgbọ́n ìdúró-dọ̀la pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 8, oṣù kẹwàá 1871, Dwight L. Moody wàásù ní Chicago lórí ìbéèrè Pílátù nípa ohun tí yóò fi Jésù ṣe. Ó ní kí àwọn ènìyàn lọ rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni iná ńlá bẹ́ sílẹ̀, tí ó jó ìlú náà títí di ọjọ́ 10, tí nǹkan bí 300 ènìyàn sì kú. Ìjọ náà kò tún pé jọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Moody kábàámọ̀ rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdáhùn gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní 1930, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó oògùn àti ère wọn jáde láti dáná sun. Ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀. Ìdáhùn náà ná wọn ní nǹkan. Nígbà tí Billy Graham sì wá wàásù ní Èkó àti Ìbàdàn ní 1960, ètò ti wà fún olùdámọ̀ràn tí yóò gba orúkọ ẹni tí ó jáde, tí yóò sì júwe ìjọ fún un. Ìpè Finney ni ó lò, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ìkìlọ̀ Nevin.

Nítorí náà, Moody kọ́ wa pé kí a má ṣe rán ẹni tí ọ̀rọ̀ ti gún lọ́kàn padà láìdáhùn. Nevin sì kọ́ wa pé kí a má ṣe ka orí àwọn tí ó jáde kí a sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, bí kò ṣe ẹni tí ó bá fi orí tì í dé òpin. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ènìyàn fi ń rìn dé iwájú pẹpẹ. Ọjọ́ ayé rẹ̀ ni yóò fi jẹ́ ìpè náà.